Àpò Keje

Ariwo ni wọ́n fi ń mọ yàrá ẹyẹ ní àjọ kan tó ń gba ẹyẹ igbó là. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí Màmá Ẹyẹ gbé abọ́ èso wọlé ní agogo mẹ́rin, kò gbọ́ ohunkóhun. Ogún àgò ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn gbogbo wọn ló ṣí sílẹ̀. Àgádágodo yàrá ti já, wọ́n sì ti gé wáyà ọgbà ẹ̀yìn. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Odídẹrẹ́ ni àwọn ẹyẹ náà. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ni àjọ ti gbà wọ́n, nígbà tí wọ́n ti gé ìyẹ́ apá wọn. Ọdún méjì gbáko ni Màmá Ẹyẹ, tó dá àjọ náà sílẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ fi tọ́jú wọn. Wọ́n fi òrùka irin oní-nọ́ńbà sí wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹyẹ tí ènìyàn ti sìn lè padà gbé inú igbó. Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dá wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi lè dé ọwọ́ oníṣòwò, àwọn yẹn á já òrùka náà sọnù, iṣẹ́ ọdún méjì á sì bá a lọ.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n rán wá jẹ́ ọkùnrin tín-ín-rín tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ojú-Abẹ́rẹ́. Kò jókòó. Ó yí yàrá náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dúró níwájú ògiri tí ìṣó mẹ́rìnlélógún wà.

"Kí lẹ fi ń kọ́ síbí, mà?"

"Àpò aṣọ tí a fi ń gbé ẹyẹ. Ẹyẹ kan, àpò kan. A kì í kó méjì pọ̀, kí wọ́n má baà ṣe ara wọn léṣe. Gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà."

Àpò kìíní dé ìkẹfà kò sí níbẹ̀. Àpò keje wà lórí ìṣó rẹ̀. Ìkẹjọ dé ogún kò sí. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn wà.

"Kí ló ṣe àpò keje?"

"Kò sóhun tó ṣe é," ni Màmá Ẹyẹ wí. "Kò ya, kò sì lu."

Ojú-Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé. Ó lọ sídìí àgò tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn ìka náà. Ìgbẹ́ ẹyẹ àti èèpo èso wà nínú àgò mọ́kàndínlógún. Èyí nìkan ló mọ́ tónítóní, tí oògùn apakòkòrò ń rùn lára rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ń fọ àgò?"

"Ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà."

Ó pe bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, ṣé ẹ sùn?"

"Èmi kẹ̀? Ọmọ mi, mi ò sùn o. Mo kàn di ojú mi nítorí oòrùn."

"Fún ìgbà wo?"

"Kò ju wákàtí méjì lọ."

Ẹnì kan wúkọ́ nínú ọ́fíìsì, bí ẹni pé bàbá náà gan-an ló wúkọ́. Bàbá fa ojú ro. "Ẹ má dá Alága lóhùn. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Alága ni odídẹrẹ́ arúgbó tí apá rẹ̀ ti kán tipẹ́, tó ń gbé inú ọ́fíìsì. Olè kò fọwọ́ kàn án.

Awakọ̀ ló kàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Màmá Ẹyẹ sọ fún un pé kó máa lọ tí oṣù bá parí, nítorí eré àsápajúdé.

"Wọ́n ní inú ń bí ọ sí ọ̀gá rẹ."

"Ó ń bí mi, ọ̀gá, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ló ń sọ̀rọ̀ nílé mi láìsinmi. Ṣé kí n wá lọ jí ogún ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ kún un?"

"Níbo lo wà láti agogo méjì?"

"Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ẹ lọ bi wọ́n." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bí igi bá wó lu igi, tòkè la kọ́kọ́ ń gbé. Ẹ bi àwọn tó ń bá ẹyẹ gbé, kẹ́ ẹ tó bi èmi tó ń bá mọ́tò gbé."

Àbúrò ló dé kẹ́yìn, ó ń mí gúlegúle. Ó ká ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léjìká, ó ní kó fi ọkàn balẹ̀.

"Ta ló tilẹ̀kùn lánàá?" ni Ojú-Abẹ́rẹ́ bi í.

"Èmi ni. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kàn mí."

"Ẹyẹ mélòó lẹ kà?"

"Ogún. Ẹ wo ìwé, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọ̀gá, bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹ gbọn awakọ̀ yẹn wò dáadáa."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Ojú-Abẹ́rẹ́ wí. "Ikú ilé."

Ó kó gbogbo wọn jọ sí ọ́fíìsì.

"Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló kù nílé yìí. Mò ń mú un lọ sí àgọ́ wa." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé Alága.

"Háà! Alága dèrò àtìmọ́lé!" ni bàbá ẹnu ọ̀nà wí.

Ojú-Abẹ́rẹ́ fa àpò aṣọ kan yọ, nọ́ńbà méje ló wà lára rẹ̀. Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Awakọ̀ ń wo aago. Màmá Ẹyẹ fúnra rẹ̀ bá a la ẹnu àpò. Orí ẹyẹ náà kù díẹ̀ kó wọ inú rẹ̀, ni Àbúrò bá fò sókè.

"Ẹ má fi síbẹ̀! Á kú!"



"Kí ni yóò pa á?" ni Ojú-Abẹ́rẹ́ bi í.

Àbúrò fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

Ọlọ́pàá náà dá Alága padà sórí igi rẹ̀. "Àpò tuntun nìyí, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ti mú un, èmi ni mo kọ méje sí i. Àpò keje gan-an wà nínú ọ̀rá, a ti dì í. Màmá, ìwé yín sọ pé ogún ẹyẹ, ṣùgbọ́n àpò mọ́kàndínlógún ni olè mú. Ẹyẹ kan, àpò kan. Ìyẹn ni pé ẹyẹ kan ti kúrò níbẹ̀ kí olè tó dé, ẹnì kan sì ti fi apakòkòrò fọ àgò rẹ̀. Àìsàn ló pa á. Olè ń mú àpò lẹ́sẹẹsẹ, ó dé orí ìkeje, ó fò ó, nítorí inú rẹ̀ ni ẹyẹ náà kú sí. Ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀. Ẹni tó kọ ogún sínú ìwé nìkan ló mọ̀." Ó yíjú sí Àbúrò. "Bí o bá sọ̀rọ̀ àìsàn, ogójì ọjọ́ ni wọn ì bá fi yà wọ́n sọ́tọ̀, oníbàárà rẹ ò sì ní dúró. Níbo ni wọ́n wà?"

"Yàrá ẹ̀yìn nílé mi," ni Àbúrò dáhùn. "Ìrọ̀lẹ́ yìí ni wọ́n ń bọ̀ wá kó wọn."

Ojú-Abẹ́rẹ́ mi orí sí kọ́ńsítébù tó bá a wá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn sì sáré jáde.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ni Màmá Ẹyẹ bi í.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bá yín di ẹyẹ mú, sìstá mi. Orúkọ yín nìkan ló ń wà lára ìwé. Ọkùnrin tó fẹ́ rà wọ́n ní òun á kọ́ ilé ẹyẹ tèmi fún mi."

"Ilé ẹyẹ tí yóò máa tà wọ́n."

Àbúrò yí ojú sí ibi igi Alága.

"O lè jí wọn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "O lè tà wọ́n pẹ̀lú àìsàn lára. Ṣùgbọ́n o kò lè fi èyí tó yá sínú àpò èyí tó kú. Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

Màmá Ẹyẹ kò sunkún. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ sọ́dọ̀, ó fi ìlà pa ogún tí Àbúrò kọ, ó kọ mọ́kàndínlógún sábẹ́ rẹ̀.

"Níbo lo sin ín sí?"

"Lẹ́yìn ọgbà, lábẹ́ igi tó wà nítòsí kànga."

"Òrùka rẹ̀ ńkọ́?"

Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ wọn ni pé a kì í sin òrùka mọ́ ẹyẹ. Àbúrò ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú irin kékeré kan jáde, ó gbé e sórí tábìlì níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti nù ún mọ́.

Màmá Ẹyẹ ka nọ́ńbà náà sókè, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó kọ ọjọ́ tó kú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ mú un lọ," ló sọ fún ọlọ́pàá, kò sì gbójú sókè.