Fèrèsé inú Ẹyinjú

Ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, olórí ilé ẹ̀kọ́ girama ká ìwé àdéhùn tí kò tíì fọwọ́ sí, ó tì í bọ inú àpò, ó sì dìde.

"Títí ẹni tó ya bàbá arúgbó yẹn yóò fi kọ̀wé sí mi pé ẹ ti jẹ́wọ́ fún òun," ó ní, "ẹ má retí mi."

Ó jáde kúrò nínú ilé fọ́tò. Mọ̀ọ́tán, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà bí adìẹ tí òjò pa.

Ìnagijẹ ni Mọ̀ọ́tán. Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ni ilé fọ́tò náà, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parí ọ̀rọ̀ kí ó tó dáhùn. Ọdún kejì rèé tó ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó sì ti dá a lójú pé òun mọ iṣẹ́ ju ẹni tó ń kọ́ òun lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé fọ́tò ọ̀hún, ilé ìkẹ́rùsí ni tẹ́lẹ̀: ògiri mẹ́rin, aṣọ aláwọ̀ eérú kan lẹ́yìn àga, iná méjì lórí ẹsẹ̀ irin, ilẹ̀kùn kan, kò sí fèrèsé. Fọ́tò tí àǹtí rẹ̀ ti yà láti ọdún mẹ́rìnlá kún ara ògiri: ìyàwó tuntun, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, ọmọdé tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

"Gbogbo wọn rí bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò," ni Mọ̀ọ́tán máa ń wí, tí yóò sì yínmú.

Òun ló mú àbá pátákó àwòrán orí ayélujára wá. Ká sòótọ́, àbá náà dára. Orí irú pátákó bẹ́ẹ̀ ni ayafọ́tò máa ń kó àwòrán tí àwọn ẹlòmíràn ti yà jọ sí, kí oníbàárà lè fìka tọ́ka sí irú ìmọ́lẹ̀ tàbí ìjókòó tó wù ú kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àǹtí rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ó fi òfin kan tì í.

"Kọ orúkọ ẹni tó ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. Àwòkọ́ṣe là ń wá, a ò wá ohun tí a ó jí."

"Mo ti mọ̀, Àǹtí."

"O ti mọ̀ ná."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ Mọ̀ọ́tán kéde pé àwọn ń wá ayafọ́tò tí yóò ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde lọ́dún náà, àti pé olórí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ yóò wo iṣẹ́ oníkálukú lórí ayélujára. Mọ̀ọ́tán ní àǹtí òun yóò gbà á. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnu-Ò-Sinmi bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí rẹ tó ń ya èèyàn bíi fọ́tò ìwé ìrìnnà? Wọ́n á sọ gbogbo kíláàsì di arìnrìn-àjò!"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín yẹn ni Mọ̀ọ́tán gbé délé. Bí ó ti jókòó, ó mú àwòrán mọ́kànlá lórí pátákó náà, ó pa orúkọ àwọn tó yà wọ́n rẹ́, ó sì kọ orúkọ ilé fọ́tò àǹtí rẹ̀ lé gbogbo wọn. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù ni ojú bàbá arúgbó kan, tó hàn kedere débi pé ènìyàn lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò sọ fún àǹtí rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀? Ayé ṣáà fẹ̀.

Ìyẹn ló gbé olórí ilé ẹ̀kọ́ dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó mú ìwé àdéhùn dání, inú rẹ̀ sì dùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá arúgbó yìí ló fà mí wá. Ibo lẹ ti yà á?"

Àǹtí tẹ̀ síwájú wo fóònù ọwọ́ ọkùnrin náà. Kò mọ bàbá náà rí. Kí ó tó la ẹnu, Mọ̀ọ́tán ti já ọ̀rọ̀ gbà.

"Ibí yìí ni, sà. Orí àga yẹn gan-an. Èmi ni mo gbé iná dání."

Ọkùnrin náà fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí ó fi ku ẹyinjú nìkan. Nínú ẹyinjú ọ̀hún, fèrèsé kan hàn gbangba, onígíláàsì mẹ́rin, pẹ̀lú ẹ̀ka igi lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbójú sókè. Ó wo ògiri kìíní, ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta, ó wo ìkẹrin.

"Ọmọ mi, fèrèsé yìí ńkọ́? Ṣé ó rìnrìn àjò ni?"

"Wọ́n... wọ́n ti dí i, sà."

Àǹtí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Wọ́n dí i? Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti wà níbí, mi ò mọ̀ pé mo ní fèrèsé. Ooru kàn ń pa mí lásán ni!" Ó yíjú sí àlejò rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi ni mo yà á, sà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló parọ́ mọ́ mi."

Nígbà tí olórí ilé ẹ̀kọ́ sọ gbólóhùn rẹ̀ yẹn tán, tí ilẹ̀kùn sì pa dé lẹ́yìn rẹ̀, Mọ̀ọ́tán kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún wa ni."

"Fún wa? Èwo ni tiwa níbẹ̀?" Àǹtí wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni wo ẹja tó ti jẹrà. "Ǹ bá pè ọ́ ní olè, ṣùgbọ́n olè a máa mọ ohun tó gbé. Ìwọ ò tilẹ̀ wo àwòrán náà dáadáa! Àwọn tí ò ń yínmú sí lára ògiri yìí, ẹnikẹ́ni lè bi mí pé ibo ni mo ti yà wọ́n. Dìde. Kọ lẹ́tà."

Mọ̀ọ́tán jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ ọ́ pé: "Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀..."

"Ta ló ṣe é?" Àǹtí bi í láti ẹ̀yìn. "Àṣìṣe ò lọ́wọ́. Pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́ pé: "Mo jí àwòrán yín." Ó parí rẹ̀. Ó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá, ó sì dá orúkọ àwọn tó ni àwòrán pa dà sí àyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan bàbá arúgbó, ó fẹ àwòrán náà tóbi, ó sì wo fèrèsé yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà náà ni òwe tí ó ti gbọ́ láìmọye ìgbà tó yé e: ṣòkòtò àgbàbọ̀wọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Iṣẹ́ ẹlòmíràn lè la ojú ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Ẹni tó bá pè é ní tirẹ̀ ti fọ́ ojú ara rẹ̀.

Lẹ́tà tí ó kọ sí ẹni tó ya bàbá arúgbó náà lọ ní aago méjìlá ọ̀sán. Ní aago mẹ́rin, àmì abẹ́ rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti ṣí i, wọ́n sì ti kà á. Nígbà tí Àǹtí ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà, èsì kò tíì dé, ìwé àdéhùn sì ṣì wà nínú àpò olórí ilé ẹ̀kọ́.