Ẹni Tó Kọ́kọ́ Jókòó Nínú Kòròlá

Mọ́tò tó ti gbé oṣù mẹ́jọ nínú eruku ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n wá ń dù lójijì bí ẹní ń du ẹran iléyá! Fóònù Habeeb ò sinmi láti àárọ̀. Tòkunbọ̀ mẹ́fà ló wà nílẹ̀, ogún èèyàn ló ń pè. Habeeb ò rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ ti kú látàná.

Ẹnu ló fi ń ta mọ́tò. Habeeb Ẹlẹ́nu-oyin ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ayé ti yí o! Inú fóònù làwọn èèyàn ti ń wo mọ́tò báyìí, wọ́n á sì rà á lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò rí rí ní Kùtọnu. Ta ló tún nílò ẹnu oyin? Oṣù mẹ́jọ, ọ̀kan ò tà.

Ìyẹn ló gbé e dé ẹ̀yìn Ìlawẹ̀ lánàá, nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Oòrùn ọ̀sán ń ta lóde, òkùnkùn ń rùn nínú ilé. Adáhunṣe Gbénró jókòó sórí táyà àlòkù, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Bí ilẹ̀ bá pòǹgbẹ, kí ní ń mu?"

"Òjò ni, bàbá."

"Bí igbá bá pòǹgbẹ?"

"Omi ni."

"Bí mọ́tò bá pòǹgbẹ ńkọ́?"

Gbénró fi abẹ gé orí ìka ọmọńdinrín Habeeb, ó ro ẹ̀jẹ̀ náà sórí oǹdè kan, ó gbé àgbo dúdú fún un mu. Ìrora náà kú. Ọwọ́ kú. Àyà kú. Ara rẹ̀ wá dà bíi ti ẹlòmíì.

"Láti òní lọ, fóònù rẹ ò ní í sinmi. Fi oǹdè yìí sábẹ́ àga awakọ̀ nínú Kòròlá rẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mọ́tò náà bá tà, tiwa ni. Bí o bá kìlọ̀ fún un, ahọ́n tó kìlọ̀ la ó jẹ dípò."

"Ẹni tí n kò mọ̀ ni yóò jókòó."

"Ṣé mo bi ọ́?" Gbénró sì bu ẹ̀pà mìíràn.

Lónìí, olùkọ́ kan, Fámúrewá, ló ra Kòròlá tí Habeeb fi oǹdè náà sí. Kò tilẹ̀ dúnàá-dúrà. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn, Habeeb ń wò ó bí ẹní ń wo ògiri. Ni Fámúrewá bá dúró.

"Habeeb, màmá dà? Ṣebí àwọn ló máa ń kọ́kọ́ jókòó nínú mọ́tò tó bá tà, kí wọ́n wúre sí i?"

Oṣù mẹ́jọ! Habeeb ti gbàgbé.

Rọ́fíàt ìyá rẹ̀ ti ń jó bọ̀ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ìborùn léjìká:

"Mọ́tò tuntun, rọra yí o,
Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, má gbẹ̀jẹ̀ o,
Ẹni ó lọ, á padà wá sí ulé,
Á bá wa jẹ uyán o!"

"Tísà, ẹ sún! Ẹ jẹ́ n fi ìdí àgbà bà á. Uṣẹ́ mi rèé, oṣù mẹ́jọ lẹ fi gbà á lọ́wọ́ mi!"

Habeeb ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ti wọlé. Aṣọ àga wú sókè, ó tún rọ̀, bí ọ̀fun tó ń gbé itọ́ mì. Òun nìkan ló rí i. Kò dùn ún. Kò bà á lẹ́rù.

"Bìsímílàhì," ni Rọ́fíàt wí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti jókòó, orin ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ohùn yẹn ló fi ń rẹ Habeeb lẹ́kún nígbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìka ọmọńdinrín ta á. Ibẹ̀ nìkan.

"Ìyá mi, ẹ má jókòó! Ẹ jáde!"

Fámúrewá fa ìyá jáde. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ pa dé, gbà! Nǹkan tútù bí ọwọ́ òkú ki ara rẹ̀ bọ Habeeb lẹ́nu. Ó rí ohun pupa kan tó já bọ́ sórí iyanrìn. Ó fò lẹ́ẹ̀kan, ó fò lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ́ lọ sábẹ́ mọ́tò. Abẹ́ mọ́tò ń jẹun. Fámúrewá ti dé ojú títì, bàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀.

Rọ́fíàt gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan. Ó ń fi ìborùn nu ẹ̀jẹ̀, ó ń kọ orin náà lọ, nítorí kò mọ ohun tí òun tún lè ṣe.

Fóònù dún. Habeeb gbé e sétí.

"Ẹlẹ́nu-oyin! Mọ́tò yẹn ṣì wà?"

Ó la ẹnu.

"Hẹ́lò? Habeeb? Hẹ́lò?"

Wọ́n pa ìpè náà. Òmíràn ti ń dún.