Ògbufọ̀ Fún Bàbá Rẹ̀

Bí agogo ìjọ Vathilimni, ìlú kékeré kan ní erékùṣù, ṣe lu ọ̀sán gangan, Stratis ẹ̀ṣọ́ ti ilẹ̀kùn irin àwókù àtijọ́ tó ń ṣọ́, ó fi ṣéènì dè é, ó sì kẹ̀yìn sí àwọn àlejò tí ń fi èdè oríṣiríṣi bá a ṣe gbólóhùn asọ̀. Ohun tí ìjọba wí ló ń ṣe. Lọ́jọ́ tí ooru bá ti kọjá ààlà, títì ni kí wọ́n ti gbogbo ibi àtijọ́ pa títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Òfin náà dára, àmọ́ ọkọ̀ òkun afẹ́ kò bá a dá májẹ̀mú: àárọ̀ ló ń gúnlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí oúnjẹ àárọ̀ nínú ọkọ̀, ṣéènì ni yóò wò lọ sílé.

Zafiria, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, ti gbé oúnjẹ wá fún un: tòmátì tí wọ́n ki ìrẹsì sí nínú, pẹ̀lú búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Stratis jẹun tán nínú yàrá pákó ẹ̀ṣọ́, ó fi fìlà bojú, oorun sì gbé e lọ. Kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ní erékùṣù yẹn, ẹni tó bá lajú sílẹ̀ ní ọ̀sán oṣù keje, bí kò bá ya wèrè, àlejò ni.

Argiro, ọmọ kíláàsì Zafiria, jókòó tì í lábẹ́ igi páínì nítòsí ilẹ̀kùn. Ẹnu Argiro mú bí abẹ. Òun ló sọ Zafiria ní "Ọmọ Ọlọ́pàá Òkúta" nítorí iṣẹ́ bàbá rẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé àwọn kan nílé ìwé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé èyí tí àlùfáà fi omi sọ ọ́. Zafiria máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé egungun.

Níbi tí wọ́n jókòó sí ni takisí kan ti já bàbá arúgbó kan sílẹ̀, tó sì yí padà sí èbúté. Bàbá náà wo ṣéènì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn di irin ilẹ̀kùn mú, ó ń wo òkè níbi tí ibi ìwòran àwọn ará àtijọ́ wà, ìjókòó òkúta tí wọ́n tò ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn títí dé ṣóńṣó.

Argiro ní kí Zafiria lọ bá a sọ̀rọ̀, nítorí Zafiria ló máa ń gba ipò kìíní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Zafiria lọ. Bàbá náà ní Aksel ni òun ń jẹ́, ará Denmark ni òun. Nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, òun àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Birgit jókòó sí ìjókòó tó ga jù lọ lókè yẹn, ibẹ̀ ni òun sì ti bi í bóyá yóò fẹ́ òun. Ó fẹ́ òun. Birgit wà nínú ọkọ̀ báyìí, orúnkún kò jẹ́ kó rìn mọ́. Birgit ló ní kí òun lọ bá àwọn méjèèjì wo ìjókòó náà, nítorí àwọn kò tún ní padà wá láyé.

Zafiria túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún Argiro. Ìyẹn pòṣé.

"Kí lo wá fẹ́ ṣe fún un? Àlejò dé ẹnu ọ̀nà ẹ, o dúró bí òpó iná. Tí ìyá ìyá mi bá gbọ́, á bú ẹ."

"Bàbá mi ti ti ilẹ̀kùn."

"Ta ló ń sọ ti ilẹ̀kùn? Ihò ewúrẹ́ ńkọ́? Àbí o fẹ́ kọ́kọ́ jí ọlọ́pàá òkúta kó wá fọwọ́ sí i?"

Gbogbo ọmọ Vathilimni ló mọ ihò ewúrẹ́, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ sọ ọ́ fún ará ìta. Nígbà tí ìjọba fi wáyà yí òkè náà ká, ojú ọ̀nà tí ewúrẹ́ Bàbá Pantelis ń gbà lọ mumi ní ìsun ni wáyà gbà kọjá. Bàbá Pantelis gé wáyà. Stratis rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i, torí pé a kì í fi omi du ẹran aládùúgbò. Ihò náà sì wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó ní àánú ló ṣe Zafiria. Àánú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lílé àlejò padà lẹ́nu ọ̀nà, ìtìjú tí í tẹ̀lé orúkọ ilé ni láàárín wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gàn yẹn náà wà níbẹ̀, bàbá arúgbó sì ti yin Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ìyìn náà sì wọ̀ ọ́ lórí. Ó wo yàrá pákó. Bàbá rẹ̀ ń hanrun. Ó ní kí Aksel máa tẹ̀lé òun.

Wọ́n gba ẹ̀yìn òkè. Wọn ò tíì dé ihò náà tí Argiro fi dúró, tó ní oòrùn yìí lè pa èèyàn, òun ń lọ lúwẹ̀ẹ́ ní òkun ní tòun. Ó fi rẹ́rìn-ín. Ó sì lọ.

Zafiria ṣí fìlà koríko orí rẹ̀ fún bàbá náà, nítorí kò dé nǹkan kan. Wọ́n gùn ún díẹ̀díẹ̀. Aksel ń sinmi lórí àtẹ̀gùn, ó ń dìde, ó tún ń sinmi, àmọ́ inú rẹ̀ ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ń mú lọ síbi ọdún. Nígbà tí wọ́n dé ṣóńṣó, ó jókòó, ó fọwọ́ pa òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní ibi tí Birgit jókòó sí nìyí. Ó ní nígbà tí òun bi í ní ìbéèrè, èsì tó fọ̀ ni pé kí òun jẹ́ kó jẹ ọ̀pọ̀tọ́ ọwọ́ rẹ̀ tán ná. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo òkun, ó ní kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó ní òtútù ń mú òun.

Ọmọ erékùṣù ni Zafiria, wọ́n ti kọ́ wọn nílé ìwé. Ẹni tí òtútù bá ń mú nínú irú ooru yẹn, tí òógùn rẹ̀ gbẹ, ewu ti dé. Ó fà á sọ̀kalẹ̀ bó ṣe lè yá tó. Ní ìsàlẹ̀, nídìí ìjókòó àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kọ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè ilé rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, ibí ni ọ̀ràn wà. Yàrá pákó bàbá Zafiria kò jìnnà ju kí èèyàn pariwo lọ. Omi tútù wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, àgbàlagbà wà níbẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ òun gan-an. Ó tẹ nọ́ńbà pàjáwìrì, ó sì pa á kó tó dún, torí wọ́n máa bi í lórúkọ. Bó bá pe bàbá rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló mú àlejò wọlé. Ìbáwí ni ó ń sá fún, ìbáwí lásán. Ló bá gba ihò ewúrẹ́ jáde, ó sáré lọ sí ìsun tó wà ní ẹ̀yìn òkè, ó lọ fi ìgò kan tó bá níbẹ̀ bu omi.

Nígbà tó padà dé, ojú Aksel là sílẹ̀, kò sì rí i mọ́. Zafiria gbọ̀n ọ́n, ó da omi sí i lẹ́nu, omi náà ṣàn jáde. Ó sá lọ sílé. Ó gbàgbé fìlà koríko sórí òkú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú, Argiro dé ẹ̀yìn ilé wọn. Ó ti gbọ́. Ojú rẹ̀ ti funfun.

"Mi ò sí níbẹ̀ o. Òkun ni mo wà. Má fi orúkọ mi sí i, jọ̀ọ́."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Stratis wọlé. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àlejò kan kú sí ibi ìwòran, pé àwọn ọlọ́pàá ti gbé e. Ó ki ọwọ́ sínú ẹ̀wù, ó fa fìlà koríko kan tó ti rún jáde, ó fi í kọ́ ìṣó tó máa ń wà. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Zafiria wo ilẹ̀. Kò sí ohun tó tún ṣókùnkùn sí àwọn méjèèjì mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ òkun ti lọ, ó sì já Birgit, ìyàwó Aksel, sílẹ̀ pẹ̀lú àpótí aṣọ méjì. Sájẹ́ǹtì Lefteris ránṣẹ́ pe Zafiria sí ilé ìwòsàn. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára jù láàárín àwọn tó wà nítòsí, kó wá ṣe ògbufọ̀ láàárín aya olóògbé àti ẹ̀ṣọ́ àwókù. Bó ṣe wọlé, bàbá rẹ̀ ló bá lórí àga.

"Àánú bàbá náà ló ṣe mí," Stratis wí. "Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un."

Ó dákẹ́. Zafiria ronú pé bàbá òun ń já ọ̀rọ̀ kúrú kúrú kó lè rọrùn fún òun láti túmọ̀ ni. Ó túmọ̀ rẹ̀.

"Mo wá sùn lọ. Mi ò tún wò ó mọ́."

Ó tún dákẹ́, èyí pẹ́ díẹ̀. Zafiria túmọ̀ ìyẹn náà. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Birgit kò sunkún. Obìnrin kékeré ni, wọ́n fi báńdéèjì dì í lórúnkún méjèèjì. Ó ní òun kò wá bá ẹnikẹ́ni jà, ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ mọ̀.

"Ẹ bá mi bi í. Ṣé ọkọ mi dé ìjókòó òkè?"

Zafiria yí i sí èdè wọn. Stratis gbójú sókè, ó wo ọmọ rẹ̀ tààrà.

"Mi ò mọ̀. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bá a."

Zafiria mọ̀. Ó mọ ti ọ̀pọ̀tọ́, ó mọ ti ẹ̀rín, ó mọ ibi tí arúgbó náà ti fọwọ́ pa òkúta.

"Wọn ò mọ̀," ó wí fún ìyá náà.

Ìyá náà mi orí. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, Gẹ̀ẹ́sì ẹ dára gan-an." Lọ́jọ́ kẹta, ó bá pósí ọkọ rẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun Zafiria mọ́. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Stratis, ẹjọ́ ń bọ̀. Bó bá wọ ilé kọfí, àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò yóò kẹ̀yìn sí i, ló bá kúkú jókòó sílé. Ilé ìwé wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é ní Ọmọ Ọlọ́pàá Òkúta mọ́, àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n, èyí sì burú ju ẹ̀gàn lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, dípò kí ó yà sí ilé ìwé, àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Sájẹ́ǹtì Lefteris, kò fi ìkankan pamọ́.

Sájẹ́ǹtì gbọ́ ọ dópin. Ó fún un lómi mu.

"Mo ní ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá mú mi lọ́la, irú irọ́ yìí náà ló máa wá pa fún wọn."

"Kì í ṣe irọ́, ọ̀gá."

"Ẹnu ìwọ gan-an ni mo ti gbọ́ tàkọ́kọ́. Ìwọ lo túmọ̀ ẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà?"

Ó ṣáà pe Argiro. Argiro ní òkun ni òun wà, òun kò mọ nǹkan kan. Ó pe Stratis. Stratis ní ọmọ òun ń wá ọ̀nà láti gba òun sílẹ̀ ni. Fìlà koríko kò sí lórí ìṣó mọ́, ó ti jóná nínú ààrò. Àwọn àgbà máa ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ti Zafiria tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ọjà ti tú kó tó gbé tirẹ̀ dé.

Ìgbà òtútù kọjá, ẹjọ́ náà dé, wọ́n sì dá Stratis lẹ́bi. Ibẹ̀ ni agbẹjọ́rò ti mẹ́nu bà á, bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé Birgit ti kú nílé rẹ̀ kí ọdún tó parí.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi yóò gbé Stratis lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ìlú ńlá, wọ́n fún òun àti ọmọ rẹ̀ láyè díẹ̀ ní etí èbúté. Zafiria bi í ní ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn látìgbà tó ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n gbà mí gbọ́?"

"Ó ti pẹ́ jù. Bí wọ́n bá gbà ẹ́ gbọ́ nígbà yẹn, àwa méjèèjì ni wọ́n á kó. Ta ló máa wá kù fún ìyá ẹ?" Ó wo òkun díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn ọjọ́ yẹn, ọ̀nà ṣì wà. Ṣé o ò rí i pé mo ń dákẹ́? Bí mo bá sọ gbólóhùn kan, màá dúró. Mo ní ọmọ mi á sọ̀rọ̀ báyìí. Mo dúró dè ẹ́, Zafiria, títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi."

Ọlọ́pàá ní àkókò ti tó. Stratis fi ẹnu ko ọmọ rẹ̀ níwájú orí, ó gun ọkọ̀, kò sì wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí àánú kò lè ṣì lọ́nà. Ká ní ẹ̀ṣẹ̀ Zafiria kò ju ihò ewúrẹ́ lọ, ìbáwí ọjọ́ kan ni ì bá fi jìyà rẹ̀. Ìbẹ̀rù ìbáwí náà ló pa Aksel, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló sì gbé Stratis lọ. Ẹni tó bá ṣìṣe, kó pariwo nígbà tí ariwo ṣì lè ran ẹnìkan lọ́wọ́. Òtítọ́ tó bá pẹ́ jù, ẹni tó ni ín nìkan ni yóò máa gbé e kiri.

Aksel dé ìjókòó òkè. Ó dé ibẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Zafiria mọ èsì náà títí dòní, kò sì sí ẹni tó kù láyé tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.