Ìgbájú àti Alùpùpù Tí Kì í Dún

Orúkọ tí wọ́n sọ ọkùnrin yìí lọ́jọ́ ìkómọ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Ìgbájú ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ó bá bi ọ́ ní ìbéèrè, tí o sì fẹ́ ronú díẹ̀ kí o tó fèsì, ọwọ́ rẹ̀ á ti bá ọ fèsì.

Ó gbá ẹni tó wá bá a nu fèrèsé. Ó gbá ẹni tó wá tún kọ́kọ́rọ́ ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn àgbà jọ láti bá a parí ìjà nítorí pé ó lu ìyàwó rẹ̀, ó gbá ọ̀kan nínú àwọn tó wá parí ìjà.

Télọ̀ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti Ìgbájú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Jésù tọkàntọkàn. Ìgbájú wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan, ó ní ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó sì fọ́ ọ létí òsì. Télọ̀ rọra yí etí ọ̀tún sí i, gẹ́gẹ́ bí Olúwa rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. O rò pé ojú á ti Ìgbájú? Ó gbá ìyẹn náà! Télọ̀ ṣubú sáàárín ṣòkòtò àwọn oníbàárà, ó dìde, ó yọ abẹ́rẹ́ kan kúrò nínú ìdí ara rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣì ń gbàdúrà fún yín o."

"Gbàdúrà fún etí ẹ," ni Ìgbájú wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Alùpùpù elépo ni Ìgbájú ń tà. Nígbà tí àwọn alùpùpù tó ń fi bátìrì rìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú, ó rí i pé ọjà náà máa tà, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun fún wọn. Ó kun ògiri ní funfun. Ó fa wáyà tuntun tí wọ́n á fi máa ṣáájì. Ó gba àwọn òṣìṣẹ́, ó sì gbá wọn lọ́jọ́ tó gbà wọ́n, kí wọ́n lè mọ ibi tí àwọ́n wà. Ohun tó kù ni láti mọ ẹni tí yóò máa kó ọjà fún un.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá jẹ́ màmá àgbà kan, aṣojú ilé-iṣẹ́ kan, onígíláàsì, oníbàtà pẹlẹbẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló gun alùpùpù náà wọlé. Bí ó ṣe ń rìn bọ̀, ó ń kùn hùùù, bí ẹni tó pa ẹnu dé tó ń kọrin.

"Kí ló ń kùn bí ẹni tí inú ń run yẹn?" ni Ìgbájú bi í.

"Ohùn ni, ọmọ mi. Alùpùpù oníbátìrì kì í dún, àwọn ọmọdé àti arúgbó kì í gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ abẹ́ ìjókòó, kó máa kùn bó bá ń lọ."

"Ẹ yọ ọ́."

"A kì í yọ ọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ ohùn, a kì í kó ọjà fún un."

Ìgbájú wo ọwọ́ ara rẹ̀. Màmá náà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó kó o sápò, ó ní, "Ó yá, gbá mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ọ́."

Ó kọ́kọ́ rú Ìgbájú lójú. Lẹ́yìn náà, ó ta alùpùpù náà nípàá, ó wó lulẹ̀, dígí rẹ̀ fọ́. Ó kó gbogbo ìwé màmá náà dà sí títì. Màmá náà kò bú u. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ dìde, ó jókòó lé e, ó sì kùn jáde, hùùù, títí dé ìkángun òpópónà.

Ẹni kejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ bàtà onímú ṣóńṣó, tí lọ́fínńdà rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. "Ọ̀gá mi, tèmi kẹ̀? Òjìji yín á máa dún jù ú lọ!" Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó yí Ìgbájú po lẹ́yìn, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká. Ìgbájú fò sókè! Gbogbo òṣìṣẹ́ di ojú, wọ́n ń retí ariwo ìgbájú. Àfi ẹ̀rín. Ìgbájú rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì dì mọ́ ọmọ náà. "Ìwọ ni màá bá ṣòwò!"

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Nígbà tó ń gun elépo, láti oríta ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ń sùn á ti di ẹni tó ń gbálẹ̀. Kó tó délé, ìyàwó á ti pa rédíò, àwọn ọmọ á ti wábi gbà, ilé á sì pa lọ́lọ́ bí ibi tí wọ́n ti ń ṣèdánwò. Àwọn èèyàn ń ráyè sá fún un, ó sì ń dùn ún dọ́kàn.

Télọ̀ wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ọjà màmá yẹn ló dáa. Ẹ̀mí èèyàn là ń sọ. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yí padà sí Jésù kí ọwọ́ yín yìí tó ṣe ohun tí ẹ ò ní lè tún ṣe."

"Télọ̀, ṣé o ti rán ṣòkòtò òní tán?"

"Ó ku ẹsẹ̀ kan."

"Lọ rán ẹsẹ̀ náà kó tó di pé mo bá ẹ ṣẹ́ tìẹ."

Báyìí ni ọjà tí kì í dún ṣe wọlé, ó sì tà. Ìgbájú mú ọ̀kan fún ara rẹ̀. Ọjọ́ ìyà sì dé! Á yọ sí òṣìṣẹ́ lẹ́yìn bí ẹ̀fúùfù: fàì! Ọ̀kan ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́. Búrẹ́dì lọ sápá kan, eyín lọ sápá kejì. Ọ̀kan ń gba fóònù. Títí di òní, etí yẹn kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ògiri funfun, wọ́n kùn ún, ó tún ta sí i. Ìgbájú ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ̀ pé òwò lè dùn tó báyìí.

Ó wá kan ilé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní kí òun lọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí òun kò sí ńlé. Ó wọ ọgbà láìdún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ojú wo inú pálọ̀ láti fèrèsé. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Àwọn ọmọ méjèèjì ló wà nínú ilé, wọ́n ń ṣeré.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ti gbé kóòtù bàbá rẹ̀ wọ̀. Ó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e. Ó dúró síwájú àga kan.

"Ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò?" Ó ki ohùn rẹ̀ nípọn. "O ò dáhùn? Èmi ni mo ń bá ẹ sọ̀rọ̀, o wá ń yájú sí mi? Gba!" Ó gbá àga náà.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin so gèlè ìyá wọn mọ́rí. "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, àga ni! Kò lẹ́nu!"

"Kò lẹ́nu, ó wá jẹ ẹran? Ìwọ náà, gba tìẹ!"

Ọmọkùnrin náà ṣubú. Ó ṣubú dáadáa: ejìká kọ́kọ́ kan ilẹ̀, ó sì ti fọwọ́ bo orí kó tó balẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ti ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń ṣubú.

Ẹ̀rín gbé Ìgbájú níta. Ọ̀rọ̀ àga yẹn pa á lẹ́rìn-ín gan-an. Lẹ́yìn náà ni ó mọ ẹni tí wọ́n ń ṣe. O rò pé ibẹ̀ ló ti sunkún, tó sì ronú pìwà dà? Rárá o! Inú bí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ó ta ilẹ̀kùn wọlé. Ó gbé ọmọkùnrin náà, ó sọ ọ́ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, àwo fọ́ yángá lé e lórí. Ọmọbìnrin náà bọ́ kóòtù sílẹ̀, ó gba abẹ́ apá rẹ̀ já síta, ó ya igun ọgbà, ó gba títì lọ. Ìgbájú fò lé alùpùpù rẹ̀, ó lé e, ó tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó lè dé.

Ọmọ náà tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn. Ó rò pé bàbá òun kò tẹ̀ lé òun. Igbe àbúrò rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ láti inú ilé. Ni ó bá yí padà láti lọ gbà á sílẹ̀, ó sì sáré ya igun náà, ojú ko ojú.

Gbì!

Nígbà tí Ìgbájú fi máa dìde, ọmọ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí sí ibi tí ẹsẹ̀ kì í yí sí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí rẹ̀.

Ó gbé e, ó sáré bọ́ sójú títì. "Ẹ gbà mí! Ẹ gbé wa dé ọsibítù!" Onítakisí kan dẹ̀rìn, ó rí ojú rẹ̀, ó rántí ìgbájú tirẹ̀, ó fi gbogbo agbára sá lọ. Òmíràn yí gíláàsì sókè. Àwọn tó dúró ní ìloro ń sún sẹ́yìn. Wọn kò kórìíra ọmọ náà o. Ọwọ́ tó gbé e ni wọ́n ń sá fún.

Ta ló yọ lórí ẹ̀rọ elépo àtijọ́ kan tó ń wúkọ́? Télọ̀ ni! Okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ gùn, ẹ̀gbọ́n! Ẹ gbá orí rẹ̀ mọ́ra, ẹ má jẹ́ kó mì!"

Ní ọsibítù, dókítà ní ẹsẹ̀ ti kán, orí náà sì fara gbá, kí wọ́n máa retí. Wọ́n retí. Nígbà tó yá, ọmọ náà lajú. Ayọ̀ pọ̀ ju ara Ìgbájú lọ, ó na ọwọ́ láti fi pa á lórí.

Ọmọ náà rí ọwọ́ náà tó ń bọ̀. Ó gbé apá tó lè gbé bojú. "Bàbá, ẹ má nà mí mọ́. Mi ò ní ṣeré mọ́ láé."

Ìgbájú jáde síta yàrá. Ó gbá ara rẹ̀ létí. Ó gbá ìkejì. Fàì! Fàì! Ètè rẹ̀ bẹ́, kò dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì kan sáré dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yìí, ẹ dákẹ́ o, àbí kí n gún yín lábẹ́rẹ́?" Télọ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n, ó tó. Bí ẹ bá gbá ara yín títí di ọdún tó ń bọ̀, kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ kan kúrò."

"Jẹ́ n gba ohun tó tọ́ sí mi!"

"Ẹnì kan ti gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú Jésù, wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n fà á lọ síwájú olórí àlùfáà. Òtítọ́ ló sọ. Ẹ̀ṣọ́ kan tó dúró níbẹ̀ gbá a létí."

Ìgbájú wò ó. "Ọmọ Ọlọ́run?"

"Ọmọ Ọlọ́run."

"Kí ló fi san án fún un?"

"Ó kàn bi í pé kí ló dé tó fi gbá òun. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí wọ́n kan òun mọ́ igi, Ó kú, Ó sì jíǹde, nítorí irú ẹ̀ṣọ́ yẹn àti nítorí yín."

"Kí lorúkọ ẹ̀ṣọ́ náà?"

"Wọn ò dárúkọ rẹ̀."

Ìgbájú kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ọsibítù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, tó ṣì tutù. "Èmi ni. Jésù, èmi ni mo gbá Ọ. Mo rò pé ìyàwó mi ni mò ń gbá. Mo rò pé ọmọ mi ni. Dárí jì mí. Gba ọwọ́ yìí lọ́wọ́ mi, mi ò lè dá a dúró."

Ó sunkún bí ọmọ tuntun. Télọ̀ náà sì ń sunkún, ó ń fi okùn ìwọnṣọ nu ojú.

Bí ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ dé, ó pọn ọmọkùnrin náà tí wọ́n ti fi báńdéèjì wé lórí. Ìgbájú ní kí ó dárí ji òun. Obìnrin náà sún sẹ́yìn.

"Bàbá wọn, ẹ dìde. Ẹ̀rù yín ń bà mí tẹ́ ẹ bá dúró. Tẹ́ ẹ bá kúnlẹ̀, ó tún ń bà mí jù bẹ́ẹ̀. Mò ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi."

Ìgbájú àná ìbá ti fọ́ ọ létí. Ti òní ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màá bá yín gbé ẹrù."

Ó wá màmá onígíláàsì lọ. Bí màmá náà ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó kó o sápò. Ìgbájú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun kò wá gba ọjà. Òun wá bẹ̀bẹ̀, òun sì fẹ́ mọ bí òun ṣe lè fi ohùn sí èyí tí òun ti tà. Màmá náà kọ́ ọ. Ìgbájú wá gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ kiri, ó fi ohùn sábẹ́ ìjókòó wọn. Ó bẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan gbà, ẹnì kan tutọ́ sí i lójú, ó nù ún, ó dúpẹ́.

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbà á láyè, ó ń lọ kí àwọn ọmọ. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítòsí ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún. Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rìn wá síwájú rẹ̀, ó wò ó títí. Lójijì, ó na ọwọ́, fàì! Ó gbá bàbá rẹ̀ létí!

Ìyá rẹ̀ ké, ó sáré wá gbé e. Ìgbájú kò mira. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí orúnkún.

"Ṣé ó dùn yín?" ni ọmọ náà bi í.

"Ó dùn mí, ìyá mi."

"Bó ṣe máa ń dùn wá nìyẹn." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sún díẹ̀ fún mi." Ó sì jókòó tì í.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, jọ̀wọ́ wo ọwọ́ tí o fi mú un. Kí ló ṣe láná? Ta ló ń bojú nínú ilé rẹ nígbà tí o bá gbé e sókè? Bóyá o kò lu ẹnikẹ́ni rí, ẹnu rẹ ni o fi ń lù wọ́n. Bóyá o ti ń sọ pé, "Mo dúpẹ́ pé mi ò burú tó Ìgbájú." Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí o dá, ojú Jésù ló bà. Kò dá a padà. Ó ń dúró dè ọ́.

Má ṣe sọ pé ó di ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọmọ Ìgbájú yè. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń yè. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá dọ̀tí, má ṣe wò ó. Ó ti wọ ibi tó dọ̀tí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti wá ọ. Sọ òótọ́ fún Un, pe orúkọ ara rẹ, kí o ní, "Jésù, èmi ni." Kí o tó gbé ọwọ́ yẹn ṣe ohun mìíràn lónìí, gbé e lé E lọ́wọ́.