Eruku Tó Bá Aṣọ Ọkọ Wọlé

Àràárọ̀ Sátidé ni àpò aṣọ Ubaydullah máa ń dé sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Awakọ̀ àdúgbò kan ló ń bá a gbé e láti Ìdí-Àpáta, ìlú tí wọ́n ti ń wa góòlù, níbi tí Ubaydullah ti ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń lọ òkúta. Láti ọjọ́ kẹta Iléyá ló ti lọ. Oṣù méje rèé, aṣọ rẹ̀ nìkan ló ń wálé, torí kò sẹ́ni tó ń fọ aṣọ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn bí Memunat, ìyàwó rẹ̀.

Àmọ́ Memunat kì í tètè fọ̀ ọ́. Ká má parọ́, ta ni yóò fi ọṣẹ lé òórùn ọkọ rẹ̀ jáde lẹ́yìn oṣù méje? Á gbọn aṣọ iṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú iyàrá, á fa jálámíà ìrun jáde láàárín wọn, á sì ki imú bọ ọrùn rẹ̀. Bí oorun bá ń kun Taslimah, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́rin, jálámíà yìí ló fi ń bò ó.

"Memunat, aṣọ lò ń gbóòórùn báyìí bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja?" Àlájà Hàlímọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ jẹ́ n gbóòórùn ẹ̀, Mà. Àárò ẹ̀ ń sọ mí."

Àlájà á wá jókòó tì í. Ọmọ tirẹ̀ náà kúkú ni.

Nígbà òjò, kò sí wàhálà. Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni Taslimah bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè. Àlájà ní ọyẹ́ ni. Àwọn aládùúgbò ní èéfín jẹnẹrétọ̀ ni. Wọ́n fi òróró ra ọmọ láyà títí, ikọ́ ò gbọ́. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé kan, ọmọ ò lè sọ gbólóhùn kan parí láìdúró mí. Memunat sáré pọ̀n ọ́n, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Azeemah fún ọmọ ní oògùn tí wọ́n ń fà sínú, èémí rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó wá yíjú sí ìyá.

"Ìyá Taslimah, ọjọ́ wo ni ikọ́ yìí máa ń le jù?"

"Sátidé sí Mọ́ńdè."

"Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ ní Sátidé?"

Ojú ti Memunat díẹ̀. "Aṣọ bàbá ẹ̀ ló máa ń dé láti Ìdí-Àpáta, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta. Mo máa ń fi jálámíà ẹ̀ bò ó. Aṣọ ìrun ni o, Nọ́ọ̀sì. Mímọ́ ni, kì í wọ̀ ọ́ síbi iṣẹ́."

"Ṣé òun àti aṣọ iṣẹ́ ló wà nínú àpò kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Nọ́ọ̀sì gbé báírò sílẹ̀. "Ọyẹ́ lè dá kún un lóòótọ́. Àmọ́ tí òjò bá ń rọ̀ lọ́hùn-ún, eruku á tutù, á jókòó sílẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, gbogbo ẹ̀ á gbẹ, á máa fò, orí aṣọ ló sì ń bà lé. Òkúta tó kúnná ni o, ojú ò lè rí èyí tó kéré jù nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Nígbà míì, òjé, irin kan tó ní májèlé, máa ń wà nínú ẹ̀, ìyẹn sì lè ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. A máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò."

Memunat gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Mo rò pé bàbá ẹ̀ ni mò ń fún un," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n bàbá gan-an ńkọ́, tó ń mí in símú lójoojúmọ́? Ṣé kì í wúkọ́?"

Memunat rántí pé tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, Ubaydullah máa ń gbé fóònù jìnnà sẹ́nu. Á ní nẹ́tíwọ́kì ló ń da òun láàmú.

Nígbà tó délé, kò gbọn jálámíà náà. Ó rì í bọ omi nínú ọpọ́n ní ẹ̀yìnkùlé, omi náà sì dúdú bí omi eérú. Ó fọ̀ ọ́ títí kò fi ní òórùn kankan mọ́, ọkàn rẹ̀ sì bà jẹ́ bí ẹni tó ń sin ọkọ rẹ̀ sọ́nà lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá pè é.

"Àdùkẹ́," oríkì rẹ̀ ni ọkọ fi ń pè é, "ṣé aṣọ dé?"

"Ó dé. Ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. "Bàbá Taslimah, mi ò fẹ́ aṣọ yín mọ́. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́. Ẹ wálé, kí wọ́n ya fọ́tò àyà yín."

Ubaydullah fẹ́ fèsì, ikọ́ sì gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé fóònù jìnnà. Memunat gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì gùn.

"Màá wọkọ̀ lọ́la," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni yòówù tó ń ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà tàbí ibi ìfọ́kùúta, kó wẹ̀ kó sì pààrọ̀ aṣọ kó tó kúrò níbẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Kí wọ́n máa fi omi rin òkúta kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, kí wọ́n sì lo ìbòmú gidi, áńkáṣífù ò tó. Aṣọ iṣẹ́ ò gbọdọ̀ bá aṣọ mìíràn wà nínú àpò kan, kò sì gbọdọ̀ wọ iyàrá ọmọ. Ẹ má gbọ̀n ọ́n rárá, inú omi ni kẹ́ ẹ rì í bọ̀. Ikọ́ tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ má dá ọyẹ́ lẹ́bi, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Tí ọmọ ò bá sì lè mí dáadáa, ẹ má dúró rárá. Bí àárò ẹni tó wà lọ́nà jíjìn bá sì ń sọ yín, ẹ pè é, kẹ́ ẹ fetí sí bó ṣe ń mí.