Ihò Tó Wà Níwájú Ládà

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú níbi ìrun Jímọ̀ ní Peckham, ní London, nígbà tí Àìṣát wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ọkọ rẹ̀ lábẹ́ afárá rélùwéè, tó sì bá èéfín. Mọ́tò Ládà àtijọ́ kan, ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ń kùn lórí kòtò tí wọ́n máa ń dúró sí tún abẹ́ mọ́tò ṣe. Alhaji Yẹ̀kínì, ọkọ rẹ̀, ló wà nínú kòtò náà. Mọ́tò ti dé e mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi agbọ̀n dé adìyẹ. Ẹ̀mí ṣì wà lára rẹ̀ tí wọ́n fi gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀.

Kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́, àwọn ọlọ́pàá ti ti Waris, ọmọ àbúrò Alhaji, mọ́lé. Bátìrì Ládà náà ò lágbára, kò sì lè gbé ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń ràn bátìrì lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, inú bùùtù mọ́tò Waris ló wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa fẹ̀sùn kàn án.

"Aunty, I swear down, mi ò ṣe nǹkan kan," ló sọ fún Inspẹ́kítọ̀ Rahmah Àjíṣafẹ́. "Ògiri yìí ń sún mọ́ mi, walahi."

"Wọ́n ní o bá Alhaji jà."

"Mo ní kí wọ́n ta àwọn mọ́tò Rọ́ṣíà yẹn ni. Just talk, innit. Uncle ló kọ́ mi níṣẹ́."

Rahmah wo aago. Ó ti lu mọ́kànlá. Ó ṣe é bíi pé òun gan-an ni wọ́n tì mọ́bẹ̀.

Ó lọ bá Roqeeb, tí òun àti Alhaji jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù, tó máa ń yẹ mọ́tò wò fún MOT, ìwé ẹ̀rí pé mọ́tò dáa láti wà lójú títì. Ó ti fi báńdéèjì di àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ilẹ̀kùn mọ́tò ló gbá mi. Inspector, kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ padà sọ́dọ̀ Waris."

"Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè fi sítáàtì Ládà yẹn?"

"Kò sí. Kí lèmi mọ̀ nípa mọ́tò Rọ́ṣíà? Kọ̀ǹpútà lèmi fi ń ṣiṣẹ́."

Ní ọsibítù, Rahmah jókòó ti Àìṣát. "Mummy, ẹ sọ̀rọ̀ àwọn mọ́tò yẹn fún mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín tòun tomijé. "Ìtàn tí Alhaji ń sọ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Asri? Moscow ló ti kàwé. Á ní lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe mọ́tò Pobẹ́dà, mọ́tò Fọ́lígà sì rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gba àwòṣe mọ́tò kan lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, òun ni wọ́n sọ di Ládà. Wọ́n fi irin tó nípọn kàn án, wọ́n gbé e ga nítorí ọ̀nà gbágungbàgun. Wọ́n sì dá ihò sí níwájú, kí èèyàn lè ki irin bọ̀ ọ́, kó fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì bí òtútù bá mú bátìrì. Tó bá ti débẹ̀ báyìí ni Roqeeb máa ń dìde: 'Alhaji, iṣẹ́ ń dúró dè mí.' Kì í gbọ́ ìparí."

Rahmah ò dìde. Ó gbọ́ ìparí.

Ní aago mẹ́ta, ó mú Roqeeb wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì wọ́ ilẹ̀kùn irin wálẹ̀ lẹ́yìn wọn. Gbogbo irinṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ló dúdú fún ọ́ìlì, àfi irin kan tó tẹ̀ kọdọrọ, tí ẹnìkan ti nù mọ́ féfé.

"Ẹ fọwọ́ òsì bá mi dì í mú."

Roqeeb dì í mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ ò ká irin náà. Ó to ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn ìka yòókù.

"Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá," ni Rahmah wí. "O ní o ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò Rọ́ṣíà, ta ló wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú? Ilẹ̀kùn mọ́tò kì í gbá àtàǹpàkò nìkan kó fi ìka yòókù sílẹ̀. Irin yìí máa ń ta padà. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò ká a, á ṣẹ́ ẹ. Ìkìlọ̀ yẹn ni ìparí ìtàn Alhaji. Ìwọ gbọ́ ti ihò, o gbọ́ ti irin, o sì dìde."

Roqeeb wo ilẹ̀kùn. Títì ló wà.

"Ọjọ́ Ajé ni Alhaji ní àwọn máa lọ fẹjọ́ mi sùn," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mọ́tò méjì péré tí búrẹ́kì wọn ò dáa ni mo fún ní MOT. Mo kàn fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n ni."

"Pẹ̀lú èéfín?"

Roqeeb rọra gbé irin náà sílẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Waris bọ́ síta. Kò yà sílé. Ó lọ jókòó ti ibùsùn Alhaji, ó sì ki ọwọ́ rẹ̀ bọ ọwọ́ bàbá náà.

"Uncle, mi ò ní ní kí ẹ tà wọ́n mọ́. Ẹ sọ ti Ládà yẹn fún mi."

Ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu Alhaji. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọwọ́ ọmọ náà, ó sì lọ to ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn ìka yòókù.