Wọ́n Gé "Ojú" Kúrò Lára Ọ̀run

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa di ọfà sí wa lára. Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ gba Àtọ́kẹ́ lọ́wọ́ Ràmọ́nì.

Inú èéfín ni Àtọ́kẹ́ ti kọ́kọ́ rí i, lójú ọ̀nà Ofiki sí Ṣakí, nígbà ọyẹ́ ọdún 1973. Lọ́rì kan dúró gbagidi lẹ́bàá ọ̀nà, èéfín funfun ń ru lórí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ láti inú rẹ̀ bí egúngún tó gbàgbé ẹ̀kú sílé: ojú dúdú fún ọ́ìlì, eyín funfun báláú.

"Arẹwà, bùn mí lómi orí rẹ yẹn."

Àtọ́kẹ́ kò sọ ìkòkò kalẹ̀. Ẹni tí kò mọni rí tó ń pe ni ní arẹwà, ó ní ohun tó ń wá. "Ṣé ẹ fẹ́ mu ún ni, àbí ẹ fẹ́ fi bọ́jú?"

"Lọ́rì ló fẹ́ mu ún."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti fi ọṣẹ dí ihò ara rédíétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ń gbé. Ó gba omi lọ́wọ́ Àtọ́kẹ́, ó dà á sí i, omi sì tún ń kán tó, tó, tó.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Àwọn Amẹ́ríkà tó ń gbé inú ilé kan lójú ọ̀run, omi tó ń mú ilé tiwọn tutù náà ti jò. Rédíò ló sọ ọ́. Wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́, níbi tí wọn ò ti rí ọmọge tó ru omi kọjá."

"Ẹ mà lè purọ́ o, bọ̀ọ̀dá."

"Ràmọ́nì ni mò ń jẹ́. Ìwọ aláìgbàgbọ́ ńkọ́?"

"Ẹ tún lọ́rì yín ṣe ná."

Ṣùgbọ́n nígbà tó dé kọ́nà, ó bojú wẹ̀yìn. Kò pẹ́ tó fi mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì Ràmọ́nì ní Ṣakí. Ràmọ́nì a máa kì í pé, "Àtọ́kẹ́, ẹni tó tó kẹ́, ẹni tó tó gẹ̀." Inú rẹ̀ a dùn, síbẹ̀ a máa yẹ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ó ti rán ènìyàn lọ sí Ijio, ìlú Ràmọ́nì, láti wádìí bóyá ó níyàwó nílé. Kò ní.

Ní ọjọ́ kan, Ṣàngóbùnmi, àbúrò bàbá Àtọ́kẹ́, gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, níbi tí Ràmọ́nì ti ń sọ ìròyìn rédíò náà fún àwọn oníbàárà. Ó sáré lọ bá bàbá Àtọ́kẹ́ nílé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mẹkáníìkì tó ń wá ọmọ yín ní àwọn ará ọ̀run ń jìyà ooru. Ó ní omi wọn ti jò tán."

Ọdún tó kọjá ni wọ́n sin ìyá Àtọ́kẹ́. Ọ̀run rere a máa tutù. Ọ̀run àpáàdì ló ń gbóná. Ta ló ní kí Ràmọ́nì wá sọ pé ibi tó gbóná ni ìyá náà wà?

Àtọ́kẹ́ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ̀, kò jókòó.

"Bàbá mi ń pè ọ́. Bí o ò bá wá, mo mọ ohun tí mo máa rò."

Ràmọ́nì wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọdẹ́jọbí ọdẹ, bàbá Àtọ́kẹ́, ọmọ ẹfọ̀n tó ń jẹ̀ lórí àpáta, kò ní kó dìde.

"Wọ́n ní o ń gbọ́ ìròyìn ará ọ̀run."

"Ojú ọ̀run ni mo sọ, Baba. Sánmà, ibi tí òjò ti ń rọ̀. Wọ́n gé 'ojú' kúrò lára rẹ̀ kó tó délé yín."

Ṣàngóbùnmi wolẹ̀. "Bóyá 'ojú' wà níbẹ̀. Lọ́rì ló ń pariwo."

Ọdẹ́jọbí kò rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Èèyàn ń gbé sánmà. Kí ló gbé ilé wọn dúró?"

"N ò mọ̀, Baba."

"Báwo ni wọ́n ṣe dí ibi tó ń jò?"

"Wọn ò rí ibẹ̀. Ọ̀pá omi ni wọ́n lu, wọ́n fa omi mìíràn sí i. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn."

Bàbá fún ojú pọ̀. "Nírọ̀lẹ́ ìjẹta, mo rí ìràwọ̀ kan tó ń rìn, láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Kò ṣẹ́jú, kò dún. Ilé wọn nìyẹn, àbí?"

Àtọ́kẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo ohun tó kù kí Ràmọ́nì sọ.

"Ó lè jẹ́ òun," Ràmọ́nì dáhùn. "Àmọ́ n ò rí i rí, Baba. N ò lè torí pé mo fẹ́ ọmọ yín kí n sọ ohun tí n ò mọ̀."

Ọdẹ́jọbí mí kanlẹ̀. "N ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọdẹ tó bá ní ìràwọ̀ ń rìn, wọ́n á ní ẹmu ló ń pa á. Òpùrọ́ ì bá ti já a gbà lẹ́nu mi. Dìde."

Àtọ́kẹ́ jáde wá. "Iyẹ̀pẹ̀ wà níwájú orí rẹ."

"Fi sílẹ̀, ìfẹ́ mi. Kí wọ́n lè mọ̀ pé mo dọ̀bálẹ̀."

"Ta ni ìfẹ́ rẹ, níwájú bàbá mi? N ò tíì gbà ọ́ gbọ́ tán o." Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà dànù.

Ọdẹ́jọbí wúkọ́, ó sì wò wọ́n títí.

"Ràmọ́nì, jọ̀wọ́, sọ fún bàbá rẹ kó wá kí mi."